Owó tí wọ́n fi ń ran olùtọ́jú lọ́wọ́ kó lè sinmi: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe rí tiyín gbà

Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, Amẹ́ríkà

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé. Ọ̀dọ̀ mi ni màámi ń gbé. Dementia, àìsàn tó ń ba iyè èèyàn jẹ́, ló ń bá wọn jà. Ọ̀sán wọn kò le tó òru. Lọ́gànjọ́ ni wọ́n máa ń dìde, wọn á wé gèlè, wọn á gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n á ní bàbá wa ń dúró de àwọn níta. Bàbá wa ti kú tipẹ́. Èmi náà á dìde, màá gbé àga méjì sẹ́nu ọ̀nà, àá jọ máa retí bàbá títí oorun á fi tún gbé wọn lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Gbogbo ẹni tí mo bá fọ̀rọ̀ lọ̀ ló ń ní kí n lọ bi Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí: Medicare kì í dédé sanwó kí olùtọ́jú lè sinmi. Ó ń ṣe é fún ẹni tó ti wà lábẹ́ hospice, ìyẹn ẹni tí dókítà ti sọ pé ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Wọ́n lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ibi ìtọ́jú, ó lè tó ọjọ́ 5 lẹ́ẹ̀kan, kí ará ilé fi mí. Màámi kò tíì débẹ̀, a ò sì gbàdúrà ẹ̀.

Ohun tó bá tiwa mu ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní GUIDE, tí Medicare bẹ̀rẹ̀ ní July 2024 fún àwọn tó ní dementia tí wọn kò sí ní nursing home. Owó respite, ìyẹn kí ẹlòmíràn wá gba iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ yín fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè sinmi, wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí àìsàn náà ti wọ̀ lára, ó sì lè tó $2,500 lọ́dún. Ibi tó ti ń há ni pé ẹni tó wà lórí Medicare Advantage, ìyẹn Medicare tí ilé iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó, kò lè wọ̀ ọ́, àti pé àwọn dókítà àti ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà nìkan ló lè forúkọ ènìyàn sílẹ̀. Ẹ má sì retí pé owó á bọ́ sápò yín o. Ẹni tó bá wá dúró ti aláìsàn ni wọ́n ń san án fún.

Obìnrin tí wọ́n rán sí wa gbọ́n. Màámi kò jẹ́ kó fọwọ́ kan báàgì wọn. Kò bá wọn jà, àga ni òun náà gbé sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n jọ máa retí bàbá. Èmi wọ yàrá, mo sùn. Mi ò lọ síbì kankan, mi ò kí ọ̀rẹ́ kankan. Oorun ni mo sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́, ó pè, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ìsinmi ṣe, ṣé màámi ti di ẹrù ni. Mo ní kó wá dúró tì wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ní òun á pè mí padà. A ṣì ń retí òun náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ gbà tí ọ̀nà fi là?

Ìyàwó tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀, England

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, àbúrò. Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Rọpárọsẹ̀ ló mú ọkọ tèmi. Níbí, òfin kan wà, Care Act ti ọdún 2014, tó fún olùtọ́jú lẹ́tọ̀ọ́ pé kí káńsù wá ṣe carer's assessment fún un. Ẹ̀yin olùtọ́jú gan-an ni wọ́n wá yẹ̀ wò, kì í ṣe aláìsàn, wọn kò sì gbọdọ̀ torí iye owó tó ń wọlé fún yín kọ̀ láti ṣe é. Bí wọ́n bá rí i pé ó tọ́ sí yín, wọ́n lè fún yín ní direct payment, ìyẹn owó tí ẹ̀yin fúnra yín á fi ra ìrànlọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gbé aláìsàn lọ síbi ìtọ́jú fún ìgbà díẹ̀, owó tirẹ̀ ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó mọ ohun tó máa dá.

Lọ́jọ́ tí obìnrin káńsù dé, ó ní báwo ni nǹkan ṣe ń lọ. Kí n tó lanu, ọkọ mi ti fèsì: “A dúpẹ́ o, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.” Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ Yorùbá wo ló ń tú àṣírí ilé fún àlejò? Obìnrin náà sì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀! Mo ní mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ lè béèrè bẹ́ẹ̀, kò sí àrífín níbẹ̀. Ní kíṣìnì ni mo ti gbé ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí fún un: aago tí mo jí, ìgbà tí mo gbé e lọ ilé ìgbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀yìn mi kọ̀ tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Ó ka ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó ní ṣé òun lè ya fọ́tò ẹ̀. Ìwé yẹn ló bá mi sọ ọ́.

Carer's Allowance, owó tí ìjọba ń san fún olùtọ́jú, tún wà, ó di £83.30 lọ́sẹ̀ ní April 2025. Ẹ gbọ́dọ̀ máa fi ó kéré tán wákàtí 35 tọ́jú ẹni náà lọ́sẹ̀, kí owó iṣẹ́ yín lọ́sẹ̀ má sì ju iye tí wọ́n dá lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí àtàwọn ìnáwó kan (£196 ni ní April 2025). Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sinmi, wọ́n á dá a dúró. Rárá o. Ẹ lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 4 nínú ọ̀sẹ̀ 26, kó má dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí fisà yín ní ẹ ò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó bi agbẹjọ́rò.

Ìyàwó sójà tó ti fẹ̀yìn tì, Amẹ́ríkà

VA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ń fún wa ní respite, ó lè tó ọjọ́ 30 lọ́dún, nílé tàbí níbi ìtọ́jú. Ẹ bi social worker wọn. Àwọn tiwa ò dá a sọ, àfi ìgbà tí mo béèrè.

Bàbá tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀, Amẹ́ríkà

Arúgbó nìkan kọ́ là ń tọ́jú o. Ọmọ mi ọkùnrin kò lè dá dúró láti kékeré. Medicaid waiver, ètò ìtọ́jú nílé lábẹ́ Medicaid tí ìjọba ń ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ló ní respite fún irú wọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe tiẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni ìlà. Kò tíì mọ eyín ká tán nígbà tí mo forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, irùngbọ̀n ti ń hù ú báyìí kí wọ́n tó pè wá. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lónìí, ẹ má dúró dìgbà tó bá le. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì, ẹ̀yìn ìlà ibẹ̀ lẹ máa tò sí.

Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, Amẹ́ríkà

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹni ọdún 60 sókè, bí kì í tilẹ̀ ṣe dementia, ẹ pe Area Agency on Aging àdúgbò yín, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà. Owó National Family Caregiver Support Program, tó ti wà láti ọdún 2000, ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Bí ẹ ò bá mọ tiyín, Eldercare Locator á júwe rẹ̀: 1-800-677-1116. Ẹ̀gbọ́n England, ṣé ẹ lè fi direct payment yẹn san owó fún àbúrò yín kó wá dúró ti ọkọ yín?

Ìyàwó tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀, England

Bí àbúrò mi bá ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wa, wọn kì í sábà gbà. Tó bá ń gbé ilé tiẹ̀, wọ́n lè gbà. Àmọ́ kí ẹ tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí káńsù kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, torí òṣìṣẹ́ tó fẹnu gbà lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lóṣù tó ń bọ̀.