Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irú yellow coneflower wo ni kí n gbìn sórí ilẹ̀ amọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Illinois: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtòsí Chicago ni mo wà, mo ń wá fúláwà yẹ́lò tó máa ń hù padà fúnra ẹ̀ lọ́dọọdún, coneflower ló wù mí jù, ṣùgbọ́n amọ̀ ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa, tójò bá rọ̀ á lẹ̀ mọ́ bàtà, tóòrùn bá mú á sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Oòrùn ń ràn síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Èwo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ gbin ewédú, ó ti wà ńbẹ̀.

Màmá Ọlọ́gbà: Ọmọ mi, irú yellow coneflower tí wọ́n ń pè ní Ratibida pinnata ni kóo gbìn. Illinois yẹn gan-an nilé ẹ̀, inú pápá koríko ló ti ń hù kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀, amọ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan. Ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5, July sí August ló máa ń tanná, ewé òdòdó ẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, orí tó wà láàárín á ṣe bí eérú kó tó di bráwùn. Fi ìka fọ́ orí yẹn wò, òórùn àníìsì, èròjà olóòórùn dídùn yẹn, ló máa ń ta. Tí wọ́n bá fi irú coneflower mìíràn tó ń jẹ́ Echinacea paradoxa hàn ẹ́, má rà á o, òun náà yẹ́lò, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n ọmọ òkè Ozark ní Missouri àti Arkansas ni, ilẹ̀ olókùúta tómi kì í dúró sí ló mọ̀, gbòǹgbò ẹ̀ á jẹrà ní wíńtà lórí amọ̀ tìẹ yẹn.

Bọ̀dá St. Louis: Òótọ́ ni màmá sọ, ṣùgbọ́n Ratibida a máa ṣubú o, pàápàá téèyàn bá ń bọ́ ọ ní ajílẹ̀. Má fún un ní nǹkan kan jàre. Gbin koríko little bluestem yí i ká, ìyẹn á máa gbé e ró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Illinois: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kóró lè ṣe é? Owó àwọn tó wà nínú ìkòkò ti pọ̀ jù.

Àdùkẹ́ Wisconsin: Ó ṣe é dáadáa. Fọ́n ọn sílẹ̀ ní November, fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, má bò ó mọ́lẹ̀, òtútù á bá ẹ ṣe ìyókù. Tó bá jẹ́ ìgbà ìrúwé lẹ fẹ́ gbìn ín, pò ó mọ́ yanrìn tóo fomi rin díẹ̀ nínú ọ̀rá, kó wà nínú fíríìjì fún bí ọjọ́ 30. Ọdún àkọ́kọ́, ewé lásán lo máa rí, má fà á tu pé koríko ni o! Ọdún kejì tàbí ìkẹta ló máa tanná. Sì wo ehoro dáadáa, wọ́n fẹ́ràn ọ̀jẹ̀lẹ̀ ẹ̀.

Bọ̀dá St. Louis: Tóo bá wá rí èyí tí òdòdó ẹ̀ ń di ewé, tó sì rí wúruwùru, àìsàn aster yellows nìyẹn, kòkòrò leafhopper ló ń gbé e kiri, kò sóògùn ẹ̀. Hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kóo jù ú sínú dọ́sìbíìnì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Illinois: Ìyàwó mi ń bèèrè bóyá ká gé e kúrò tó bá ti gbẹ, ó ní àwọn aládùúgbò á rò pé ọ̀lẹ ni wá.

Màmá Ọlọ́gbà: Kó fi í sílẹ̀ títí di March. Ẹyẹ goldfinch máa ń wá jẹ kóró ẹ̀. Tí ojú bá ń tì í, kó gé ti iwájú títì nìkan.