Ọ̀nà wo ni mo lè gbà rí ìwé òde òní láti inú oríṣiríṣi àṣà kà?

Ẹ̀yin òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan ni mo ń kà, ó sì ti sú mi, nítorí pé kí n tó ka ìwé dé ìdajì ni mo ti máa ń mọ apànìyàn náà. Mo wá fẹ́ ka ìwé tí wọ́n kọ láìpẹ́ yìí, yálà ewì, eré onítàn tàbí ìtàn ìgbésí ayé, láti ọwọ́ àwọn tí àṣà wọn jìnnà sí tèmi.

Àwọn ìwé tó gba ẹ̀bùn International Booker ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń fún ìwé kan tí a túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀bùn náà lọ́dọọdún, tí òǹkọ̀wé àti olùtúmọ̀ sì jọ ń pín owó rẹ̀ dọ́gbadọ́gba (èyí wù mí gan-an). Àmọ́ ìtàn àròsọ ni wọ́n ń yàn níbẹ̀, wọn kì í yan ewì.

Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń mọ ìwé tó dára kí òkìkí rẹ̀ tó kàn? Ṣé orúkọ olùtúmọ̀ ni ẹ máa ń tẹ̀ lé ni, àbí àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kéékèèké?