Ẹ bá mi dá sí i: ọmọ mi obìnrin ló ní ṣọ́jà lòun ń ṣe

Ìyá Dámi (Maryland):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọjọ́ mẹ́ta rèé, oorun ò kun ojú mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 19, tí mo rán lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì, ló lọ wọ ROTC, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ iléèwé di ọ̀gá ṣọ́jà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti ń sáré kiri nínú òtútù, tó gbé àpò wúwo kọ́ ẹ̀yìn bí alábàárù. Àbúrò mi gbéyàwó lóṣù tó kọjá, mo ti ra léèsì, mo ti rán an, kò wá! Ó ní àwọn ń lọ sùn nínú igbó. Ọmọ Ìjẹ̀bú! Bàtà tó wọ̀ wálé, ẹrẹ̀ ara ẹ̀ ba rọ́ọ̀gì pálọ̀ mi jẹ́. Mo tún pè é lóru Friday, ó ní òun wà ní ọsibítù, pé ọmọ òyìnbó kan fẹsẹ̀ rọ́. Ṣé òun ló bí i ni? Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ níbẹ̀?

Bàbá Káyọ̀dé:
Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Èmi náà rí ṣọ́jà ní káńpù nígbà tí mo sìnrú ìlú ní 1994. Fèrè wọn ò jẹ́ ká sùn. Orí ìlà oúnjẹ níbẹ̀ ni mo ti rí ìyá Káyọ̀dé, ó gba iwájú mi, mo bínú…

Àdùkẹ́ Houston:
Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Dámi, ọdún kelòó ló wà? Ṣé àwọn ológun ló ń san owó iléèwé ẹ̀? Ṣé ó ti tọwọ́ bọ̀wé?

Ìyá Dámi:
Ẹ ṣé, Bàbá Káyọ̀dé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ránni lọ sógun.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́jà:
Ọdún 20 ni mo lò nínú ológun Amẹ́ríkà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti ọsibítù yẹn, torí ó jọ pé ìyẹn gan-an ló dùn yín jù. Ọmọ ọdún kejì ni wọ́n sábà máa ń fi àwọn ọmọ ọdún kìíní bíi mẹ́ta sí abẹ́ ẹ̀. Tí ọ̀kan bá pẹ́ dé, òun ni wọ́n máa bi. Tí ọ̀kan bá fẹsẹ̀ rọ́, kò gbọ́dọ̀ sùn kó tó mọ ibi tó wà. Ọdún kẹta ni wọ́n máa wá fún un ní èèyàn bíi mẹ́sàn-án darí, wọ́n á sì máa fún un ní máàkì lórí ẹ̀, kó tó lọ sí Fort Knox ní Kentucky lásìkò ọlidé fún ìdánwò tó le jù. Ẹni tí kò lè tọ́jú èèyàn mẹ́ta, ta ló máa fún un ní ọgbọ̀n èèyàn darí?

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ yín ò mugbó, kò jalè, ẹ ń sunkún rọ́ọ̀gì. ROTC náà ni Colin Powell, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ní City College ní New York, ọmọ àwọn tó ti Jàmáíkà wá bíi tiwa tí a ti Nàìjíríà wá.

Tọ́lá B:
Kó jáde kíá! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde, kò san kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́jà:
Ọdún kelòó ló jáde?

Tọ́lá B:
Ọdún kìíní. Kí ló wá yàtọ̀ níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́jà:
Ó yàtọ̀ gan-an. Ẹni tí wọ́n ń san owó iléèwé fún lè jáde lọ́fẹ̀ẹ́ kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wọ ọdún kejì, wọ́n lè gba gbogbo owó náà padà, tàbí kí wọ́n mú un lọ ṣe ṣọ́jà lásán tí kì í ṣe ọ̀gá.

Tọ́lá B:
Ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n ni.

Àdùkẹ́ Houston:
Ìyá Dámi, ìbéèrè mi ńkọ́? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ìyá Dámi:
Ọdún kejì ni. Wọ́n ń san owó iléèwé. Ó tọwọ́ bọ̀wé, bàbá ẹ̀ wà níbẹ̀, kò sọ fún mi. Wọ́n tún ń fún un ní 420 dọ́là lóṣù, ó sì máa ń fi 200 ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má bú mi, mi ò bèèrè ibi tó ti ń rí i.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀ẹ́n-hẹ́n! Ẹ ń jẹ owó ṣọ́jà, ẹ ò fẹ́ ṣọ́jà.

Àdùkẹ́ Houston:
Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ní òun fẹ́ kúrò?

Ìyá Dámi:
Rárá. Ó ní ibẹ̀ lòun ti ní ọ̀rẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ó ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sílẹ̀ níbí lópin ọ̀sẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn lórúkọ ẹ̀, pé òun ò ṣe mọ́.

Bàbá Káyọ̀dé:
Hàà.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́jà:
Mà, lẹ́tà kan ò tó láti yọ ọ́, wọ́n máa kọ́kọ́ pè é jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un lónìí, kó má jẹ́ ẹnu ọ̀gá ẹ̀ ló ti máa gbọ́. Kẹ́yin náà kọ òmíràn lórúkọ ara yín pé ẹ̀yin lẹ kọ ti àkọ́kọ́.

Ìyá Dámi:
Òun ló ń pè yìí. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láti àárọ̀. Kí ni kí n sọ?

Àdùkẹ́ Houston:
Ẹ gbé e, mà.