Hẹlikọ́pítà lórí Grand Canyon: tíkẹ́ẹ̀tì wo ni kí n mú fún àwọn òbí wa?

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Àbúrò wa tó wà ní Las Vegas fẹ́ fi hẹlikọ́pítà gbé Màmá àti Bàbá lọ wo Grand Canyon, ọ̀gbun ńlá nì ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù Keje. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló ní kí n bá òun yẹ̀ wò: èyí tó máa balẹ̀ sínú ọ̀gbun, èyí tó kàn máa fò yí ká tó sì máa padà, àti èyí tí bọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí South Rim, etí ọ̀gbun náà ní gúúsù, kí wọ́n tó wọ hẹlikọ́pítà níbẹ̀. Owó wọn jìnnà síra. Bàbá sanra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 140 kílò. Màmá sì máa ń bì nínú ọkọ̀ tọ́nà bá jìn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Alájò Ayétòrò: Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná, ibi tí wọ́n ń lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀gbun yẹn gùn tó 446 kìlómítà, ojú rẹ̀ ò sì rí bákan náà. South Rim wà nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ jìn gan-an, ó tó nǹkan bí 1,500 mítà, ibẹ̀ náà ni àwọ̀ òkúta ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n láti 1987 ni òfin ti ká hẹlikọ́pítà afẹ́ lọ́wọ́ kò nínú ọgbà náà, wọn ò gbọ́dọ̀ fò wọ ìsàlẹ̀ etí ọ̀gbun. Ilẹ̀ àwọn Hualapai, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ni West Rim, etí rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè balẹ̀ sínú ọ̀gbun, nítòsí odò Colorado. Ẹni tó bá ń ta bíbalẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀gbun ní South Rim fún yín, ẹ sá fún un.

Láti Las Vegas sí South Rim lórí títì tó 450 kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Òṣogbo sí Èkó àlọ àti àbọ̀. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ nìyẹn ní àlọ nìkan, fún ẹni tó ń bì nínú ọkọ̀! Nítorí kí wọ́n lè fò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n ni. Ní tèmi, èyí tó gbéra ní ìtòsí Las Vegas tó sì balẹ̀ sí West Rim ni kí ẹ mú. Wọ́n á rí ìdídò Hoover Dam àti adágún Lake Mead lójú ọ̀nà, kò sí àfikún owó kankan fún ìyẹn.

Ẹlẹ́rọ: Ọ̀rọ̀ kílò Bàbá ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹ má fi pamọ́. Wọ́n máa wọn gbogbo èèyàn tòun ti bàtà kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gba owó ìjókòó kejì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ju 300 pọ́ùn, ìyẹn 136 kílò. Àwọn kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 275. Tẹ́ ẹ bá san án sílẹ̀ báyìí, ó parí. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ náà tí ìjókòó sì ti kún, Bàbá á dúró sílẹ̀, owó sì lè má padà.

Ìdí ni pé ìwọ̀n àwọn èrò ni wọ́n fi ń pín ìjókòó, kí hẹlikọ́pítà má baà tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Torí náà, ìlérí ìjókòó iwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ dájú. Ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n ń lò. EC130 ń gba èrò méje, gíláàsì rẹ̀ fẹ̀, ariwo rẹ̀ sì kéré. AS350 ń gba mẹ́fà, ẹni tó bá bọ́ sáàárín lẹ́yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan.

Ẹ mú àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ní oṣù Keje, ooru ibẹ̀ ń kọjá 40°C. Atẹ́gùn tó gbóná máa ń fúyẹ́, abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikọ́pítà kì í rí i gbá mú dáadáa, nígbà mìíràn wọ́n á dín èrò kù. Tó bá di ọ̀sán, ooru á máa ti ilẹ̀ aṣálẹ̀ ru sókè, á sì máa mì wọ́n jìgìjìgì, ibi tí èébì Màmá ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà yẹn náà ni òjò tòun ti àrá máa ń ṣú níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìyá Ìbejì: Kí Màmá lo oògùn èébì ní wákàtí kan ṣáájú, kí wọ́n jẹ nǹkan díẹ̀, ebi náà ń fa èébì. Kí wọ́n máa wo ọ̀ọ́kán, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò sí gèlè o! Hẹ́dífóònù ò lè wọ orí gèlè. Aṣọ funfun náà, ẹ fi sílé, á máa tàn padà lára gíláàsì, á sì ba fọ́tò jẹ́. Kí Bàbá má wọ agbádá, atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ á gbé e.

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà: Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń balẹ̀ yẹn ní "wákàtí mẹ́rin". Ṣé òkè ni wọ́n á wà fún gbogbo àkókò yẹn?

Alájò Ayétòrò: Rárá o. Wọ́n ti ka gbígbé wọn ní òtẹ́ẹ̀lì àti dídá wọn padà mọ́ ọn. Fífò fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí àádọ́rin ìṣẹ́jú, àlọ àti àbọ̀, wọ́n á sì lo bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n máa lò lójú òfurufú ni kí ẹ fi wé owó. Kí ẹ sì bi wọ́n bóyá owó epo àti owó ilẹ̀ Hualapai ti wà nínú iye tí wọ́n kọ. Skywalk, afárá gíláàsì tí wọ́n ṣí ní 2007, owó tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹlẹ́rọ: Ìbéèrè kan ṣì kù. Ní February 2018, hẹlikọ́pítà afẹ́ kan já sí West Rim, ó gbiná, èèyàn márùn-ún sì kú. Ẹ bi ilé iṣẹ́ náà bóyá tánkì epo wọn jẹ́ irú èyí tí kì í tètè ya tí bàálù bá já. Ẹni tó bá ní in kì í fi pamọ́. Tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà: Orúnkún ń dun Màmá o. Ṣé wọ́n á lè gùn ún?

Ìyá Ìbejì: Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga díẹ̀. Kí àbúrò yín pè wọ́n kó béèrè àpótí ìtẹ̀gùn sílẹ̀, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà sì kún fún òkúta wẹ́wẹ́, bàtà pẹlẹbẹ ni kí wọ́n wọ̀. Iwájú ni kí wọ́n gbà wọlé, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ pè wọ́n, kí wọ́n má gba ìdí ìrù rẹ̀ kọjá láéláé.