Chip tó ń ṣáàjì bátìrì kọ̀ṣẹ́ nínú òtútù, àbí ó ti bàjẹ́ ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Chicago:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní iná sọ́là méjì lẹ́yìn ilé, èmi ni mo tò wọ́n fúnra mi, bátìrì lithium 18650 kọ̀ọ̀kan, chip TP4056 tó ń ṣáàjì ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀dù pọ́ọ́kú ni ọ̀kan, bí mo ṣe rà á náà ni mo ṣe lò ó, èkejì, àbúrò mi kan ló bá mi jó thermistor, ìyẹn èyí tó ń mọ bí nǹkan ṣe gbóná tàbí tutù tó, mọ́ ọn. Àárọ̀ yìí -14°C ni, èyí tó ní thermistor ò ṣáàjì rárá, pupa ò tàn, búlúù ò tàn. Ti pọ́ọ́kú ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, kódà kíá ló ń kún, kó tó di aago mẹ́wàá búlúù ti tàn. Ṣé kí n kúkú ju ti àbúrò mi nù?

Oníṣẹ́ Lẹ́ẹ̀dì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ju nǹkan kan nù o! Èyí tó kọ̀ṣẹ́ yẹn gan-an ló gbọ́n. Bátìrì lithium, ẹ lè lò ó nínú òtútù, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ ṣáàjì ẹ̀ tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ òdo, torí lithium ò ní ráyè wọnú graphite inú bátìrì bó ṣe yẹ mọ́, ojú ẹ̀ níta ló máa lẹ̀ mọ́ bí èéfín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, á di irin síbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò sì ní padà mọ́. Tó bá pọ̀ jù ó lè gún awọ àárín ya, kó ṣọ́ọ̀tì, kó gbiná. Chip fúnra ẹ̀ ò bẹ̀rù òtútù, bátìrì ló ń ṣọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ kìíní, TEMP ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni thermistor ń jábọ̀ fún, tí fóltì ibẹ̀ ò bá tó 45% tàbí tó bá ju 80% fóltì tó ń wọlé, á dáwọ́ dúró. Lórí bọ́ọ̀dù pọ́ọ́kú wọ́n ti so ẹsẹ̀ yẹn mọ́ gíráńdì pátápátá, ìyẹn ló ń pa ìṣọ́ yẹn, kò mọ̀ bóyá Chicago lòún wà tàbí Ṣàgámù 😂

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Chicago:
Háà. Kí ló wá dé tí ti pọ́ọ́kú fi ń tètè kún?

Màmá Sọ́là:
Irọ́ ló ń pa fún yín, kò kún. Òtútù ló jẹ́ kí inú bátìrì le koko, fóltì á sáré dé 4.2, chip á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kọ́rẹ́ǹtì kù, tó bá ti já sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, á tan búlúù. Ẹ ṣọ́ ọ lálẹ́, kò ní pẹ́ kú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Chicago:
Ẹ ti rí i mọ̀ o mà, aago méje báyìí ó ti kú!

Oníṣẹ́ Lẹ́ẹ̀dì:
Ṣé ẹ rí i. Kí n tó gbàgbé, ara bátìrì gan-an ni kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ thermistor yẹn mọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ chip. TP4056 máa ń gbóná tó bá ń ṣiṣẹ́, ooru ara ẹ̀ á tan thermistor jẹ, ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn lójú ẹ̀, nígbà tí bátìrì ti gan.

Ará Mọ́níyà:
Níbí o, apá ooru ni tiwa ti ń dáwọ́ dúró, ọ̀sán lórí páànù, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́.

Màmá Sọ́là:
Ẹ fi páńẹ́lì sílẹ̀ níta, ẹ gbé bátìrì àti bọ́ọ̀dù wọlé, kí wáyà gba ojú fèrèsé. Ó tán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Chicago:
Mo ti gbé méjèèjì wọlé. Ti fèrèsé ló kù, ìyàwó mi rí dríìlì lọ́wọ́ mi, ó ní kí n ṣì jókòó ná.