Fíìmù bàbá mi ń rùn bí ọtí kíkan, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Bàbá mi tó ti dolóògbé máa ń gbé ẹ̀rọ sinimá kiri abúlé, wọ́n sì máa ń ya ọdún egúngún fúnra wọn. Agolo fíìmù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sílẹ̀, oní mílímítà 16.

Lánàá mo ṣí ọ̀kan, òórùn ọtí kíkan gbá mi nímú, etí fíìmù náà sì ti ń ká kò bí ewé gbígbẹ. Mo nà án sí oòrùn: egúngún kan ń jó níbẹ̀, kò tóbi ju èékánná lọ. Omijé bọ́ lójú mi.

Inú háàdì dírááfù ni sinimá ń wà nísìnyí, ẹ̀rọ tó ń fa àwòrán 24 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti kógbá sílé. Ta ló mọ ẹni tó ń yí fíìmù sí díjítà nÍbàdàn tàbí Èkó, tí kò ní já a? Mo ti ya èyí tó ń rùn sọ́tọ̀ kó má baà ran àwọn yòókù. Ṣé fíríìjì dáa fún wọn, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí?