Gílóòbù tuntun fún iná fọ́ọ̀gì àti títo ojú iná iwájú ọkọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ọbáńtokò:

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀, mo kí gbogbo yín o. Ọkọ̀ Toyota tòkúnbọ̀ kan tí ó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù ni mo ń wà, iṣẹ́ sì máa ń mú mi jáde ní Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́, tí n óò gba Kóbàpé lọ sí Ṣágámù. Ní àsìkò ọyẹ́ yìí, kùrukùru máa ń bo ọ̀nà náà débi pé ilà funfun ojú títì gan-an kì í hàn, iná fọ́ọ̀gì méjèèjì tí ó wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà kò sì ju kí wọ́n máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú lọ. Ẹni tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ gbé oríṣi méjì síwájú mi, ọ̀kan jẹ́ LED (gílóòbù ìgbàlódé tí kò ní wáyà tín-ín-rín nínú) tí wọ́n kọ 6000K, ìyẹn nọ́ńbà àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, sí lára, èkejì jẹ́ halogen (gílóòbù oníwáyà tín-ín-rín) oníwáàtì 100, ó sì ní èyí tí ó bá wù mí ni kí n mú, nítorí pé ojú ihò kan náà ni méjèèjì yóò wọ̀. H11, ìyẹn orúkọ irú gílóòbù náà, ni mo rí lára ìdí èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé láti ìgbà tí ọlọ́kadà kan ti fọ́ iná iwájú mi ti apá òsì, tí mo sì ra àlòkù mìíràn dípò rẹ̀, àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń bọ̀ lọ́kánkán ń tan fúláìtì lù mí ṣáá, bẹ́ẹ̀ iná kúkurú ni mo tàn. Mo fẹ́ to ojú iná náà fúnra mi, wọ́n sì ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni a ti ń ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa, bí a kò bá ń gun òkè, a ń sọ̀ kalẹ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú?

Rewáyà Láfẹ́nwá:

Ẹ kú ewu ọ̀nà, ọ̀gá. Ẹ má ra oníwáàtì 100 yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ. Wáàtì 55 ni H11 tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀. Méjì rẹ̀ jẹ́ 110, bí a bá sì fi fóòtì 12 pín in, ó lé díẹ̀ ní ámpù 9, èyí tí fíùsì oníámpù 15 gbé láìmira. Oníwáàtì 100 méjì yóò fa ámpù tí ó sún mọ́ 17, fíùsì yóò já, ẹnìkan yóò wá sọ pé kí ẹ fi oníámpù 30 sí i, láti ìgbà náà wáyà ni yóò máa jó dípò fíùsì. Ká tilẹ̀ ní wáyà kò jó, ooru rẹ̀ yóò yọ́ ìdí rọ́bà tí gílóòbù jókòó sí, yóò sì ba àwo dídán inú iná náà tí ń ta ìmọ́lẹ̀ síwájú jẹ́ títí tí yóò fi ṣú.

Ní ti LED, àwo dídán yẹn ni ẹ máa wò. Wọ́n ṣe é kí ó lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ láti ojú kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí wáyà tín-ín-rín inú halogen wà. Bí LED kò bá gbé ojú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí ibẹ̀ gẹ́lẹ́, tàbí tí a dè é lọ́nà tí ojú méjèèjì rẹ̀ fi kọ sókè àti sísàlẹ̀ dípò apá òsì àti ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ yóò tú ká, apá tí ó bá lọ sókè yóò sì padà wá bá yín lójú nínú kùrukùru. Ògiri ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Bí iná fọ́ọ̀gì bá kọjú sí ògiri, orí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yẹ kí ó gé tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí LED bá sọ ọ́ di roboto, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká mi lára jù ni rẹ́súrẹ́sú tí ẹ sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, gílóòbù kọ́ ni ó ń fà á, wáyà ilẹ̀ (èyí tí ó so gílóòbù mọ́ irin ara ọkọ̀) tí ó ti dógùn-ún ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà wọn fóòtì ní ìdí gílóòbù nígbà tí iná wà ní títàn tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá fi fóòtì 14 hàn, tí ìdí gílóòbù fi 12 hàn, ọ̀nà ni ìyókù ń gbé. Bí fóòtì halogen bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Fífọ ìdí wáyà ilẹ̀ náà mọ́ àti dídè é padà kì í gbówó lórí. Bí kò bá tó, ẹ ní kí wọ́n fi rílè (súìṣì tí iná díẹ̀ fi ń darí iná púpọ̀) sí i: ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a kọ 30 sí yóò gba iná láti bátìrì nípasẹ̀ fíùsì, ẹsẹ̀ 87 yóò gbé e lọ sí gílóòbù, ẹsẹ̀ 86 yóò gba àṣẹ láti súìṣì, ẹsẹ̀ 85 yóò sì wọlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra halogen oníwáàtì 55 tí ó dára. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò, ó sàn jù, nítorí pé yẹ́lò máa ń la kùrukùru kọjá.

Olùkọ́ Físíìsì, Alábàtà:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ rewáyà wa, àfi ti yẹ́lò nìkan. Ẹ̀kán omi inú kùrukùru tóbi ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń tú gbogbo àwọ̀ ká ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí kùrukùru fúnra rẹ̀ fi funfun. Kò sí àwọ̀ tí ó ń là á kọjá ju òmíràn lọ. Ilẹ̀ Faransé sọ iná yẹ́lò di dandan fún ọkọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1937 títí di 1993, ìdí tí wọ́n sì rí dìmú jù ni pé ìmọ́lẹ̀ tí a ti yọ àwọ̀ búlúù kúrò nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gún ojú. Ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀, 6000K tí ó tàn bíi búlúù ni ó burú jù nínú àwọn tí a kà sílẹ̀, halogen lásán tí ó wà ní àyíká 3200K sì ti súnmọ́ yẹ́lò tó.

Ohun tí ó jẹ́ kí iná fọ́ọ̀gì wúlò ni ibi tí ó wà. Ó wà nísàlẹ̀, ó jìnnà sí ojú awakọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn nílẹ̀ nílẹ̀, nítorí náà díẹ̀ ni ó ń ta padà sí ojú yín. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Iná iwájú tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 65, tí ó ń fi sẹ̀ǹtímítà 1 sọ̀ kalẹ̀ nínú mítà kọ̀ọ̀kan, yóò dé mítà 65 kí ó tó fẹnu kanlẹ̀. Iná fọ́ọ̀gì tí ó ga ní 35, tí ó ń fi 2 sọ̀ kalẹ̀, kò ní dé mítà 18. Ẹni tí ó bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí títì àti ilà funfun ni iná fọ́ọ̀gì fẹ́ fi hàn yín, kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti sáré, gílóòbù yòówù kí ó wà níbẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá ti là, ẹ pa á, torí pé bí ilẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá mọ́lẹ̀ jù, ọmọ ẹyinjú yóò súnkì, èyí tí ó wà lọ́nà jíjìn yóò sì ṣókùnkùn sí i.

Awakọ̀ Àgbà, Ìbarà:

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ títo iná, èmi ní tèmi ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí owó tó jáde lápò. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó ní láti tẹ́jú. Ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sí nìkan ni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán, pàápàá ní ilé epo, torí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ dà kí omi òjò lè ṣàn. Ẹ yá rọ́bà omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ń là kọjá, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ rọ omi sí i títí tí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ láàárín, kí ẹ fi wo ilẹ̀ abẹ́ táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn bóyá wọ́n dọ́gba. Bí wọ́n bá ti dọ́gba, kí ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọkọ̀ àti ògiri jin kòtò kò kàn yín mọ́: ẹ gbé orí rọ́bà kan sí ẹ̀gbẹ́ àárín gíláàsì iná, kí ẹnìkan gbé orí kejì lọ sára ògiri, ibi tí omi bá dúró sí ni ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n tí a kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ kó ẹrù kúrò ní búùtù, kí ẹnìkan jókòó sí ibi awakọ̀, kí ẹ sì tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí sípíríìnì lè jókòó. Ọkọ̀ tí ó wá láti Yúróòpù sábà máa ń ní kọ́ọ́bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárín tí a fi ń rẹ iná sílẹ̀ nígbà tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní 0. Mítà 10 ni kí ó wà láàárín gíláàsì iná àti ògiri. Ẹ lẹ téèpù kan sí ibi àmì omi, ẹ lẹ òmíràn sí sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fa ilà òòró kan sí iwájú iná kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ tan iná kúkurú, ẹ fi páálí bo ọ̀kan, kí ẹ máa to èkejì. Ìdè méjì ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, èkejì fún òsì àti ọ̀tún. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, ààbọ̀ yíyí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì padà lọ wo ògiri.

Apá òsì ìmọ́lẹ̀ náà yẹ kí ó tẹ́ sórí téèpù ìsàlẹ̀, ibi tí ó bá sì kan ilà òòró ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sí apá ọ̀tún, kí ó lè fi etí títì hàn láìgún ẹni tí ń bọ̀ lójú. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń rìn lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún náà sì ni ó gbọ́dọ̀ ga. Fún iná fọ́ọ̀gì, ìdè kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ní. Sẹ̀ǹtímítà 20 nísàlẹ̀ àárín rẹ̀ ni èmi máa ń rẹ̀ ẹ́ sí.

Ọmọ Ọbáńtokò:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi rọ́bà omi ṣe é ní iwájú ògiri ilé ìjọsìn kan ládùúgbò wa. Ti apá ọ̀tún ṣe gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Ti apá òsì, èyí tí mo rà, apá òsì ni òun ń gòkè sí, bí mo sì ti yí ìdè tó, kò yí padà. Ti wáyà ilẹ̀ fọ́ọ̀gì, òótọ́ ni, ó ti dógùn-ún, a ti fọ̀ ọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i.

Rewáyà Láfẹ́nwá:

Ìdè kò lè tún èyí ṣe, ọ̀gá, nítorí pé iná ọkọ̀ ìlú tí wọ́n ti ń rìn lápá òsì ni wọ́n tà fún yín, irú Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jàpáànì. Inú gíláàsì àti àwo rẹ̀ ni wọ́n ti gé ìmọ́lẹ̀ náà. Ojú ẹni tí ń bọ̀ gan-an ni ó ń gòkè lọ bá. Ẹ wo ara gíláàsì rẹ̀ nísàlẹ̀: bí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀ tí ẹ kọjú sí iná, tí ẹ rí ọfà kékeré kan tí ó nà sí apá ọ̀tún yín, ti àwọn tí ń rìn lápá òsì nìyẹn. Èyí tí kò ní ọfà, bí ó bá ní àmì E nínú òbìrí, ni ti wa. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé E kò sọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń rìn, orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí i ni ó ń sọ, nítorí náà kí ọlọ́jà má fi nọ́ńbà tàn yín.

Títí ẹ óò fi rí òmíràn, ẹ fi ìdè rẹ ti apá òsì yẹn sílẹ̀ kí ibi tí ó ga jù nínú rẹ̀ má ṣe kọjá téèpù ìsàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yín yóò kúrú lápá kan, ẹ rọra máa wakọ̀ bẹ́ẹ̀ ná. Nígbà tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ẹ gbé bátìrì àti wáyà méjì dání, ẹ tan án sí ara ògiri ìsọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.